Flaring tool wo ni kí n rà fún páìpù bíréèkì?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2004 ni mò ń lò, tòkunbọ̀ láti Kánádà. Ìpẹtà ti jẹ páìpù bíréèkì tó gba òkè táǹkì epo lọ sẹ́yìn, ọ́ìlì sì ń jò. Mẹ́káníìkì mi gé ibi tó bàjẹ́, ó lọ yá irinṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, ó fi tẹ ẹnu páìpù tuntun, ó dè é. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ó wá ní kí n ra flaring tool tèmi, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń ya ẹnu páìpù, òun á fi ṣe é. Mo wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú mi ṣú: èyí tó wà nínú àpótí pupa tó pọ́ńkú, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ fáìsì, èyí tó ń lo ọ́ìlì bíi jáàkì. Ẹnì kan tún ní kí n wá èyí tó ń ya ẹnu páìpù ní 37 dìgírì, torí òun làwọn tó ń fi mọ́tò díje ń lò. Èwo ni kí n rà? Àbí kí n kúkú ní kí wọ́n dí páìpù yẹn pa?

* * *

Ẹ má tíì ná owó yín. Irinṣẹ́ fíríìjì ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ bíréèkì, ibẹ̀ ni jíjò yẹn ti wá.

Irinṣẹ́ àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe máa ń ya ẹnu páìpù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹnu fèrè. Bàbà ni páìpù tiwọn, bàbà sì rọ̀, ó ń gbọ́ràn. Irin ni ti Corolla, ara rẹ̀ kò sì nípọn ju nǹkan bíi 0.7 mm lọ. Tí ẹ bá ya irin tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, etí rẹ̀ lè sán, kí ojú má sì rí i. Ìfúnpá gáàsì fíríìjì kì í ju ọgọ́rùn-ún psi mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọmọdé bá sáré já títì tí ẹ tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, ohun tó wà nínú páìpù bíréèkì á kọjá 1,000 psi dáadáa. Ibi tó ti sán yẹn ló máa gbà jáde.

Double flare ni bíréèkì yín ń fẹ́. A ó kọ́kọ́ ti ẹnu páìpù wọlé kó wú, a ó wá ká etí rẹ̀ padà sínú ara rẹ̀, kó di ìpele méjì. Ibi tí nọ́ọ̀tì máa fún mọ́lẹ̀ á ti nípọn, kò ní yá sán.

Ní ti Kánádà tí ẹ mẹ́nu bà, ó yẹ kó dẹ́rù bà yín díẹ̀. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì níbẹ̀ nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn ló ń jẹ abẹ́ ọkọ̀. Páìpù tó jò ní ibì kan kì í sábà jẹ́ òun nìkan. Kí wọ́n tó tẹ ẹnu kankan, ẹ ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo páìpù yòókù wò. Bí wọ́n bá so páìpù tuntun mọ́ èyí tí ìpẹtà ti jẹ ní ìdajì, lóṣù tó ń bọ̀ ẹ ó tún padà wá síbí.

* * *

Àwọn mélòó kan ti ń sọ pé bíréèkì ni bíréèkì, ẹnu tó bá ti wọlé ti wọlé. Mi ò gbà rárá, torí àríyànjiyàn yìí ló ń ba ihò másítà, ibi tí pẹ́dà ti ń ti ọ́ìlì bíréèkì jáde, jẹ́ káàkiri.

Oríṣi ẹnu méjì ló gbòde: double flare, àti bubble flare tí ẹnu rẹ̀ kàn wú róbótó láìká padà. Ẹ tú nọ́ọ̀tì kan, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò tó ti jáde. Bí irin ṣóńṣó kan bá yọrí láti ìsàlẹ̀ ihò, double flare ló ń gbà. Ẹnu páìpù ló máa gun orí ṣóńṣó náà. Bí ìsàlẹ̀ ihò bá jin wọlé, tó ń tín-ín-rín lọ, bubble flare ni. Nọ́ọ̀tì náà máa ń tú àṣírí: ti double flare sábà máa ń ní tírẹ́ẹ̀dì dé òpin, ti bubble flare sábà máa ń ní orí tó dán ní iwájú, tírẹ́ẹ̀dì kì í débẹ̀.

Toyota, Honda, Nissan: double flare, sípánà 10 ló sábà máa ń tú nọ́ọ̀tì wọn. Volkswagen, Mercedes, BMW: bubble flare, sípánà 11 lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ double flare ni wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn tó dé lẹ́yìn náà ti ń da méjèèjì pọ̀. Ẹ má fi orúkọ ọkọ̀ ṣe ìdájọ́, ẹ wo inú ihò.

Ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ sí wàhálà ni pé tírẹ́ẹ̀dì Japan àti ti Yúróòpù jọra, M10 × 1.0 ni méjèèjì, ìyẹn ìbú mílímítà 10, tí tírẹ́ẹ̀dì sì fi mílímítà kan jìnnà síra wọn. Nọ́ọ̀tì Corolla á wọ ihò Golf wẹ́rẹ́, yóò sì le lọ́wọ́, síbẹ̀ ẹnu páìpù kò jókòó sórí ohunkóhun. Ti Amẹ́ríkà àtijọ́, ìyẹn 3/8-24 (ìbú 3/8 íńṣì, tírẹ́ẹ̀dì 24 nínú íńṣì kan), tún burú jù. Ó fi díẹ̀ tín-ín-rín ju M10 lọ, ó ń wọ inú rẹ̀, ó sì ń mì. Bí ẹ bá ti rí ọmọ iṣẹ́ tó kó gbogbo nọ́ọ̀tì bíréèkì sínú agolo kan, ẹ dúró tì í títí á fi ṣà wọ́n tán.

* * *

Ó wá di ọ̀rọ̀ ọjà.

Àpótí pupa tó pọ́ńkú yẹn, irin gbọọrọ méjì tó ní ihò oríṣiríṣi, tí wọ́n ń pa pọ̀ mọ́ páìpù, pẹ̀lú apá kan tó ní ṣóńṣó tí a ń yí mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bú u pé ìdọ̀tí ni. Èmi kì í bú u tó bẹ́ẹ̀. Lórí bàbà ó ń ṣe dáadáa. Orí irin ni ìwà rẹ̀ ti ń yọ jáde, torí pé ó ń yọ̀. Bí ẹ ṣe ń yí ṣóńṣó mọ́lẹ̀, páìpù ń sún sẹ́yìn, ẹnu á wá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ fún un le kó má bàa yọ̀, eyín rẹ̀ á jẹ ara páìpù, ojú ọgbẹ́ yẹn sì ni ìpẹtà máa kọ́kọ́ bá. Bí ẹ bá fẹ́ ra á dandan, ẹ pa irin méjèèjì pọ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ wò ó bóyá ihò wọn pàdé dọ́gba. Kí ẹ tún wo inú àpótí: bí kò bá sí àwọn bọ́tìnì irin kéékèèké tó ní ìdí gígùn tí ń wọ inú páìpù, ti fíríìjì ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, double flare ò lè jáde látinú rẹ̀ láéláé.

Èyí tí a ń dè mọ́ fáìsì ni mo fẹ́ràn jù. Ó ní ọ̀pá gígùn, ó ní orí tó ń yí tí àwọn òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ ti páìpù mọ́ inú irin méjì tí bóòtì mú dáadáa, ẹ fa ọ̀pá, ó wú. Ẹ yí orí, ẹ tún fa ọ̀pá, ó ká. Ẹ lè tẹ ogún ẹnu, kí ẹ má mọ èyí tó ṣáájú. Eastwood ní irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn náà ń ṣe é. Àléébù rẹ̀ ni pé orí tábìlì ló ń gbé. Páìpù tó ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀ kò lè wá bá a.

Èyí tó ń lo ọ́ìlì, bíi ti Mastercool, kò ní fi agbára dà yín láàmú, ẹ sì lè gbé e wọ abẹ́ ọkọ̀. Owó rẹ̀ ni kò ṣeé gbọ́. Ẹni tó ń ṣe páìpù lójoojúmọ́ nìkan ni mo lè sọ fún pé kó ra á.

Àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu ba ìkẹrin: kékeré kan tó ń wọ inú àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n ṣe fún páìpù 3/16 íńṣì nìkan, ìyẹn 4.75 mm. Bóòtì kan ló ní, sípánà lẹ fi ń yí i. Nítorí pé ìwọ̀n kan ṣoṣo ni, ó ń di páìpù mú dáadáa ju irin gbọọrọ oníhò mẹ́fà lọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkọ̀. Ẹni tó ń rajà máa ń rò pé ìwọ̀n tó pọ̀ ni èrè tó pọ̀, ṣùgbọ́n páìpù bíréèkì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, 3/16 ni. Kí lẹ fẹ́ fi ìyókù ṣe?

Ẹ̀yin tí ẹ ní Corolla, ìkẹrin yìí ni tiyín, kí ẹ rí i pé ti double flare ni.

Ó tún ku ọ̀nà kan tí kò ní ná yín ní owó irinṣẹ́ rárá. Ẹ fi wáyà wọn gígùn páìpù látòkè dé ẹ̀yìn, ẹ gbé e lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí Àgọ́dì Gate bó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ wà, ẹ wá ẹni tó ní ti orí fáìsì, ẹ sanwó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Fún ẹnu méjì péré, èyí ló dára jù. Ẹ kó nọ́ọ̀tì yín dání lọ o.

* * *

37 dìgírì: rárá. Ti ọkọ̀ òfúrufú àti ti ìdíje ni. Ìpele kan ló ní, nọ́ọ̀tì tirẹ̀ àti òrùka àtìlẹ́yìn tirẹ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́. Ṣóńṣó inú ihò Toyota, 45 dìgírì la ṣe ẹnu tó máa jókòó lé e lórí. Ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn yẹn kò parọ́ nípa ìdíje, ọkọ̀ yín ni kò bá a mu.

* * *

Arákùnrin tó kọ̀wé láti Manchester ní òun ò rí ìdí tí a fi ń da ara wa láàmú pẹ̀lú irin, pé bàbà ni gbogbo gáréèjì tó yí òun ká ń lò, ọkọ̀ òun sì ń yege nínú MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún níbẹ̀. Ẹlòmíràn láti Houston fèsì pé bàbà lásán fún bíréèkì, ọ̀ràn ni lọ́dọ̀ tiwọn. Ìjà yìí kì í tán, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́ ibi tí wọ́n wà. Ní Bìrìtìkó, wọ́n ń ta páìpù bàbà fún bíréèkì ní gbangba. Ní Amẹ́ríkà, wọn kò tẹ́wọ́ gbà á, torí bàbà tí ọkọ̀ ń mì lójoojúmọ́ máa ń le díẹ̀díẹ̀ títí á fi sán.

Èyí tó bá ibi gbogbo mu ni bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì, tí nǹkan bíi 10 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì. Orúkọ tí ẹ máa rí lára rẹ̀ ni Kunifer tàbí CuNi. Volvo ti ń lò ó láti àwọn ọdún 1970. Kì í dípẹtà bí irin, ó lágbára ju bàbà lásán lọ, ó sì rọ̀ tó pé àpótí pupa tí gbogbo yín ń bú yẹn lè tẹ ẹnu rẹ̀ láìfi ìyà jẹ yín. Bí ẹ bá rí i rà, òun ni kí ẹ rà. Ó wọ́n ju irin lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ti sanwó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì báyìí.

Bàbà tí wọ́n tú lára AC ògbólógbòó ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó dé ọkọ̀ yín. Ẹ ò mọ bí ara rẹ̀ ṣe nípọn tó, ẹ ò mọ iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n tún nà án. Mo ti rí ọ̀kan lára bọ́ọ̀sì kan tó ń kó èrò, wọ́n ká a mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bí ohun ọ̀ṣọ́.

Arákùnrin Manchester tún béèrè nípa ìpẹtà àti MOT. Ìwé àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò níbẹ̀ sọ pé bí ìpẹtà bá ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta ara páìpù, ó kùnà. Wọn kì í sì í gba ìsopọ̀ onírùká, èyí tí òrùka idẹ kan ń fún páìpù mọ́ láàárín nọ́ọ̀tì, bí ti páìpù omi inú ilé. Nílé níbí, mẹ́káníìkì kan á ní òun ti ń lò ó tipẹ́, kò sì jò rí. Kò tíì jò ni. Kò sí ohun tó di páìpù yẹn mú ju fífún lọ.

* * *

Dídí páìpù pa. Mo mọ̀ pé a máa padà síbẹ̀.

Ẹni tó ní kí ẹ ká páìpù ẹsẹ̀ kan, kí ẹ fi òòlù lù ú pa, kí ẹ máa lọ, àwọn tó gbà pẹ̀lú rẹ̀ pọ̀ jù níbí. Ẹ ní “ẹsẹ̀ mẹ́ta ṣì ń dúró”. Ẹ tẹ bíréèkì lójú òjò ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ ó rí bí ọkọ̀ ṣe máa yí sí ẹ̀gbẹ́ tí bíréèkì wà. Bí ọkọ̀ bá já mọ́ yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, mo lè gbọ́ pé ẹ dí i kí ẹ lè rọra wakọ̀ dé gáréèjì tó súnmọ́ jù. Kí ẹ wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, mi ò lóhùn sí i.

Tẹ́ẹ̀pù funfun tí wọ́n ń wé mọ́ tírẹ́ẹ̀dì páìpù omi náà, ẹ gbé e kúrò. Tírẹ́ẹ̀dì kọ́ ló ń dá ọ́ìlì dúró nínú bíréèkì, ẹnu páìpù tó jókòó mọ́ ìsàlẹ̀ ihò ni. Bí ẹnu náà bá ti burú, ẹ wé odindi tẹ́ẹ̀pù mọ́ ọn, yóò jò.

* * *

Mẹ́káníìkì olùbéèrè ti wọlé fúnra rẹ̀, ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ ní ẹ ti ra irinṣẹ́ kékeré 3/16 náà ṣùgbọ́n ẹnu ń sán, òmíràn ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irú èyí, bí a ṣe gé páìpù ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Ẹ má fi ayùn gé e. Kọ́tà kékeré tó ń yí po ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì fún un le jù, ẹ yí i, ẹ fún un díẹ̀, ẹ tún yí i. Kọ́tà máa ń ti etí wọnú páìpù, ẹ fá etí inú yẹn kúrò, kí ẹ fi fáìlì ra etí òde kó tẹ́jú yíká. Ẹnu tí kò gún látìgbà tí a ti gé e kò ní gún lábẹ́ òǹtẹ̀. Ẹ gbọn páìpù, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, torí ẹ̀rún irin tó bá wọ ẹ̀rọ ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, máa ná yín ju ọkọ̀ lọ.

Ẹ ki nọ́ọ̀tì bọ páìpù kí ẹ tó tẹ ẹnu. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, gbogbo wa sì ti rí ọ̀gá àgbà tó tẹ ẹnu tó dára bí ẹyin tán kó tó rántí. Kí ẹ wo ojú tó kọ síta pẹ̀lú.

Bí páìpù ṣe yọ síta tó ni ọ̀pọ̀ ń ṣì ṣe. Etí bọ́tìnì irin yẹn ni òṣùwọ̀n: ẹ gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, kí páìpù yọ tó bí etí rẹ̀ ṣe nípọn tó, kó má jù bẹ́ẹ̀. Bó bá yọ jù, kíká á pọ̀ jù, yóò sán. Bó bá kéré, ẹnu kò ní tóbi tó láti bo ṣóńṣó. Ẹ kán ọ́ìlì bíréèkì díẹ̀ sí i. Ẹ má kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì o, rọ́bà inú másítà àti kálípà kì í fẹ́ ẹ, yóò wú.

Ẹ yí bọ́tìnì mọ́lẹ̀ títí tó fi pàdé irin, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ṣóńṣó ká a. Ibi tí agbára ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ìkejì yìí. Bó bá ti ká tó sì jókòó, ẹ dúró. Ẹni tó bá ń fún un lọ ń sọ ìpele méjì di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

* * *

Ìbéèrè kan kù: ọkọ̀ aládùúgbò tó jẹ́ Golf, ṣé kí wọ́n ṣe ìpele kìíní double flare nìkan kí wọ́n pè é ní bubble flare, ó ṣáà ti wú?

Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é. Ní iwájú, ó jọra. Ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Irin tó di páìpù mú fún double flare ní ojú tó tẹ̀ ní 45 dìgírì, ẹ̀yìn ẹnu á tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀tì Golf ní iwájú tó tẹ́, ó ń fẹ́ ẹ̀yìn tó tẹ́. Irinṣẹ́ mìíràn wà tí ẹ lè yí irin rẹ̀ dojú kọ ibi tó tẹ́, ìyẹn dára. Bí tiyín kò bá ní ibi tó tẹ́, ẹ wá òǹtẹ̀ bubble flare.

* * *

Olùbéèrè ní wọ́n ti dè é, ó kù kí wọ́n mọ̀ bóyá kò jò.

Ẹ fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì wọlé dé ibi tó lè dé kí sípánà tó kàn án. Bí ọwọ́ kò bá lè yí i, tírẹ́ẹ̀dì ń gun ara wọn nìyẹn. Sípánà tí ẹnu rẹ̀ yí nọ́ọ̀tì ká fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni kí ẹ lò, ti gbogboogbò á fá orí rẹ̀. 15 Nm ni Toyota ń fẹ́, kò le tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ fa afẹ́fẹ́ jáde, ẹ nu ìsopọ̀ gbẹ, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ gírígírí kó sì dì í mú, kí ẹlòmíràn fi tíṣù funfun kan ìsopọ̀ náà. Bí tíṣù bá tutù, ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, ẹ tún dè é, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnu lè jókòó. Bó bá ṣì ń jò, ẹ má fi agbára kún un, ẹ gé ẹnu náà dànù kí ẹ tẹ òmíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gé páìpù tuntun kó fi ìka méjì gùn ju èyí tó jáde lọ.